Ike Wàrà Kẹtàlélógójì

6.

…nítorí náà ó tún un kà. Lọ́tẹ̀ yìí, láti ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀, kí ojú má baà tàn án. Òṣìṣẹ́ méjìlélógójì ló wà ní gbọ̀ngàn òjé. Ike wàrà kíkan tó ṣófo jẹ́ mẹ́tàlélógójì.

Ẹ má bi mí léèrè ìwé kìíní dé ìkarùn-ún. Ọwọ́ mi ni wọ́n wà. Ó wù mí kí n bẹ̀rẹ̀ níbí ni.

Ẹni tó ń ka ike ni Snezhina Karaboeva, alámòójútó ìgbáyégbádùn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bátìrì tó wà lẹ́yìn odò. Òjé ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀, nínú ìkòkò irin ńláńlá mẹ́rin. Èéfín òjé kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí òfin fi ní kí gbogbo ẹni tó bá ń bá a ṣiṣẹ́ gba ike wàrà kíkan kan lójúmọ́, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀, kó sì fọwọ́ síwèé. Àwọn bàbá wọn jẹ ẹ́, àwọn náà ń jẹ ẹ́. Bóyá ó ń ti májèlé jáde, bóyá kò tì í, ẹnu ti mọ́ ọn ná.


7.

ÌWÉ ÌGBA WÀRÀ KÍKAN. ÌDÍ ÌKÒKÒ KEJÌ ÀTI ÌKẸTA. ỌJỌ́RÚ.

Petko Balev . . . . . . . *P. Balev*
Sabri Ahmedov . . . . . . *Sabri*
Ognyan Karaboev . . . . . *O.K.*

(nísàlẹ̀, níbi tí wọn ò tẹ orúkọ kankan sí:)

*G. Delev*
========


8.

Gancho Delev ti kú. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó yé yín yékéyéké.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé ọdún kan. Ó jókòó sórí àga onígi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kẹta, ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀, kò dìde mọ́. Ọdún méjìdínlógún ló lò nídìí ìkòkò yẹn. Nídìí òjé, ọdún mẹ́ta tí èèyàn bá ṣe, ìjọba á kà á sí márùn-ún, kó lè tètè fẹ̀yìn tì. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ọgbọ̀n ọdún ni ìwé kà fún Gancho. Lójú ìwé, ọkùnrin yẹn ti dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ kó tó kú.

Ẹni tó ń dúró síbẹ̀ báyìí ni Ognyan, àbúrò Snezhina, ọmọ ìyá kan náà. Nígbà tí Gancho kú, ọ́fíìsì tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ni Snezhina wà. Ó rí i pé àyè kan ṣófo. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ síbẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn lọ́jọ́ náà.


9.

*(Ilé ìdáná ilé iṣẹ́. Snezhina àti Ìyá Stoyna, tó ń pín wàrà kíkan.)*

SNEZHINA: Ìyá, ike mélòó lẹ̀ ń gbé lọ sí gbọ̀ngàn òjé?

STOYNA: Mẹ́tàlélógójì.

SNEZHINA: Èèyàn méjìlélógójì ló wà níbẹ̀.

STOYNA: Mo mọ̀ ọ́n kà, ọmọ mi.

SNEZHINA: Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ọ̀kan kún un?

STOYNA: Lẹ́yìn tí Gancho kú, odindi oṣù kan ni mo fi gbé méjìlélógójì lọ. Ojoojúmọ́ ni ẹnì kan ń wá bá mi pé òun ò rí tòun. Kì í ṣe ẹnì kan náà o. Lónìí Sabri, lọ́la Petko. Mo ní ta ló jẹ ẹ́? Wọ́n á máa wolẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi ọ̀kan kún un ni ẹnu wọn pa mọ́.

SNEZHINA: Ta ló wá ń fọwọ́ síwèé?

STOYNA: Ìwọ lo lọ sí yunifásítì. Ka orúkọ tó wà níbẹ̀.


10.

ÈTÒ ÌGBÁYÉGBÁDÙN ÒṢÌṢẸ́, ÌDAJÌ ỌDÚN ÀKỌ́KỌ́

1. Ápù ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ọjọ́rú.
2. Àga oníná tó ń wọ́ni lẹ́yìn, ẹyọ kan. *(Ọ́fíìsì ọ̀gá ló wà fún ìgbà díẹ̀.)*
3. Ọjọ́ méje nílé ìsinmi etí òkun, fún ẹni tó bá kàn.
4. Òdòdó àti ìwé ìkéde òkú fún òṣìṣẹ́ tó bá kú, àti fún àyájọ́ ọdún kan rẹ̀.
5. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí òjé inú ẹ̀jẹ̀ bá dé 50, kí òṣìṣẹ́ kúrò nídìí ìkòkò.
6. Àpótí èrò. Kò pọn dandan láti kọ orúkọ.
7. ~~Títún fáànù ìkòkò kẹta ṣe.~~ *(Ó di ìgbà mìíràn. Ẹnjiníà Valchev.)*


11.

*[Ìwé pélébé, láti inú àpótí èrò.]*

Èéfín ìkòkò kẹta kì í gòkè mọ́.
Ẹ gbé bébà sókè, ẹ wò ó.
========


12.

Àwọn àgbà ìdí ìkòkò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n á gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á nà án sábẹ́ ihò èéfín tó wà lókè ìkòkò. Bí fáànù inú ihò bá ń ṣiṣẹ́, bébà á na orí sókè. Bí kò bá ṣiṣẹ́, á rọ̀, a jẹ́ pé èéfín ń padà sí imú ẹni tó dúró síbẹ̀.

Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ìwé pélébé kan náà. Ọjọ́rú tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, òun náà ni.


13.

Ìwé eléyìí, mo ti dáná sun ún. Kò dáa kó máa gbé inú ilé.


14.

Snezhina lọ tú fáìlì Gancho. Ohun tó bá níbẹ̀ ni ìwé ẹ̀bẹ̀ mẹ́sàn-án, ọ̀kan lọ́dọọdún, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sí ilé ìsinmi etí òkun. Mẹ́jọ nínú rẹ̀, wọ́n kọ "kò sáyè" sí i lára. Ìkẹsàn-án, wọ́n gbà fún un. Ọjọ́ tí wọ́n gbà fún un, ọjọ́ mẹ́wàá ti kọjá lórí sàréè rẹ̀.

Lábẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ìlà méjì. Gancho máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun ń fa ìlà yẹn kí ẹnikẹ́ni má baà kọ ohun tí òun ò sọ kún un.

Ìlà méjì yẹn náà ni Snezhina ti rí nínú ìwé ìgba wàrà. Ó pa fáìlì dé, ó jókòó lé e lórí, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi lu agogo oúnjẹ.


15.

OGNYAN KARABOEV. ÒJÉ INÚ Ẹ̀JẸ̀.

Oṣù kẹwàá: 28
Oṣù kejì: 41
Oṣù karùn-ún: 49


16.

*(Ọ́fíìsì Ẹnjiníà Valchev, ọ̀gá pátápátá. Orí àga tó ń wọ́ni lẹ́yìn ló jókòó sí. Àga náà ń kùn.)*

VALCHEV: Ìyáàfin Karaboeva, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta péré ló kù tó ń du àmì ẹ̀yẹ yìí, "Ilé Iṣẹ́ Tó Ń Tọ́jú Èèyàn". Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Mo kí yín.

SNEZHINA: Fáànù ìkòkò kẹta, ọ̀gá.

VALCHEV: Lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀. Tí a bá dá ìkòkò dúró, wọ́n á rí i pé ó dúró.

SNEZHINA: Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ti di mọ́kàndínláàádọ́ta.

VALCHEV: Kò tíì pé àádọ́ta.

SNEZHINA: Ọ̀gá.

VALCHEV: Ẹ mú un kúrò níbẹ̀ nígbà náà. Ta ló dá yín lọ́wọ́ kọ́? Fọ́ọ̀mù rèé. Ẹ kàn kọ orúkọ ẹni tó máa rọ́pò rẹ̀.


17.

ÌWÉ ÌPAÀRỌ̀ ÒṢÌṢẸ́, ÌDÍ ÌKÒKÒ KẸTA

Ẹni tó ń kúrò: *Ognyan Karaboev*
Ẹni tó ń wọlé: ____________________


18.

Snezhina gbé fọ́ọ̀mù náà lọ sílé. Ó gbé e padà wá. Lójú ọ̀nà, gbogbo ẹni tó kí i "ẹ káàárọ̀", ńṣe ló ń wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ á gba inú àyè yẹn.


19.

✝

ỌDÚN KAN

GANCHO MIHAYLOV DELEV

A ò gbàgbé rẹ.
Láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ní gbọ̀ngàn òjé.

*[Àwòrán: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. Àpá kékeré wà lókè ojú rẹ̀ òsì.]*


20.

Gancho ò ní àpá. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni, orí rẹ̀ sì ti pá.

Àwòrán méjì ló wà lórí tábìlì Snezhina lọ́jọ́ tó ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Ọ̀kan ni èyí tí Kera, opó Gancho, fi lé e lọ́wọ́. Èkejì ni ti Ognyan, wọ́n fẹ́ fi ṣe káàdì ìwọlé tuntun. Ó búra pé ti Gancho ni òun fi sínú àpòòwé. Ó búra fún ìyá rẹ̀, ó búra fún mi. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kí ni ìgbàgbọ́ tèmi fẹ́ ṣe fún un?

Ogún ni atẹ̀wé tẹ̀. Nílùú wa, kò sí ibi tí a kì í lẹ ìwé òkú mọ́: ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì, ibùdókọ̀, igi tó wà níwájú ilé ìwòsàn, ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́. Kó tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, èèyàn márùn-ún ti wá bá ìyá Ognyan kẹ́dùn ọmọ rẹ̀.


21.

*(Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù.)*

OGNYAN: Àǹtí mi, mo ti kú o

OGNYAN: Ìyá Penka wá bá Màmá sunkún, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn. Wọ́n gbá mi létí pé kí ló dé tí mo ṣì wà láàyè

SNEZHINA: Má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ibo lo wà?

OGNYAN: Ìdí ìkòkò. Òkú kì í gba ìsinmi

SNEZHINA: Ognyan, jọ̀ọ́. Lọ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà

OGNYAN: Kí wọ́n wá fi ta rọ́pò mi? Sabri ni wọ́n máa sún síbí, oyún ìyàwó ẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ

OGNYAN: Àwọn àgbà ní ẹni tó bá rí ìwé òkú ara ẹ̀, á pẹ́ láyé ni. Ọdún mẹ́fà sí i, wọ́n á kà á sí mẹ́wàá, màá lọ sin oyin

OGNYAN: Ẹ bá mi tọ́jú ẹyọ kan. Mo dáa nínú àwòrán yẹn


22.

Snezhina fi ọ̀bẹ ìdáná ha àwọn ìwé òkú náà kúrò káàkiri ìlú. Ó ń kà wọ́n bó ṣe ń ha wọ́n. Ó pé ogún.

Ìkọkànlélógún wà lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn òjé. Lẹ́ẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.

Kò ha ìyẹn. Ó ya á, ó mú tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi tí ojú wà, ó fi í sínú àpò.


23.

*(Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ọjọ́ tó pé ọdún kan gan-an. Kera gbé àlìkámà sísè wá, èyí tí a ń pín fún àwọn ará ibi iṣẹ́ òkú. Bí èèyàn bá ti gbà á, á ní "Ọlọ́run ó dárí jì í".)*

SNEZHINA: Ọlọ́run ó dárí jì í. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, nípa àwòrán yẹn.

KERA: Mo rí i. Ọmọ ta ni?

SNEZHINA: Àbúrò mi ni. Ìdí ìkòkò Gancho ló wà.

KERA: Orí àga yẹn náà ló ń jókòó sí?

SNEZHINA: Òun ni.

KERA: Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fúnni. Ọkọ mi á dé láti ibi iṣẹ́, á ní, "Kera, mo tún kọ ọ́ fún wọn." Màá ní kí ni wọ́n wí? Á ní, "Wọ́n fún mi ní ápù."

SNEZHINA: Ìyá, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín. Ṣé ó máa ń wá sọ́dọ̀ yín?

KERA: Sọ́dọ̀ mi? Kò wá rí. Ogójì ọjọ́ ni mo fi gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún ọmọ mi pé ó dájú pé ibòmíràn ló ti ń jẹun.


24.

Ọjọ́bọ̀. Èèyàn mẹ́ta ni ìgbìmọ̀, wọ́n wọ ẹ̀wù funfun, wọ́n dé fìlà bébà. Wọ́n ti gbé àga tó ń wọ́ni lẹ́yìn wá sí gbọ̀ngàn, wọ́n so ríbọ́nù mọ́ ọn. Valchev ti kọ èrò òṣìṣẹ́ mẹ́fà sílẹ̀ fún Snezhina, kó kà wọ́n bí ẹni pé inú àpótí ló ti yọ wọ́n. Wọ́n dùn ún gbọ́. Ọ̀kan ní ápù náà ti pọ̀ jù.

Snezhina ṣí àpótí. Ó ka èyí tó wà níbẹ̀. "Èéfín ìkòkò kẹta kì í gòkè mọ́. Ẹ gbé bébà sókè, ẹ wò ó."

Ó rìn lọ sídìí ìkòkò kẹta, ìgbìmọ̀ tẹ̀ lé e. Ognyan yọ ìbòmú rẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, kí lẹ fẹ́ ṣe?" Snezhina ní kó dúró jẹ́ẹ́. Ó mú tẹ́ẹ́rẹ́ ìwé òkú yẹn jáde, ó nà án sábẹ́ ihò èéfín.

Bébà rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, kó rọ̀, kó sì dúró. Kò dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sísàlẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, bí ìgbà tí ẹnì kan wà lókè nínú ihò tó ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó já gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ lẹ̀ mọ́ àyà Ognyan, ojú àwòrán sì kọ sí wọn. Ọwọ́ Snezhina ṣì wà lókè.

Obìnrin tó wà nínú ìgbìmọ̀ kọ nǹkan sínú ìwé.


25.

ÌWÉ ÌDÍYELÉ

Èso: 8 nínú 10
Ìsinmi ara: 9 nínú 10
Gbígbọ́ ohùn òṣìṣẹ́: 10 nínú 10

*Òṣìṣẹ́ ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lójú ọ̀gá, láìbẹ̀rù. A ò rí irú rẹ̀ rí. A dá a lábàá pé kí ilé iṣẹ́ yìí gba àmì ẹ̀yẹ.*

(Fáànù ò sí lórí fọ́ọ̀mù.)


26.

ÌWÉ ÌPAÀRỌ̀ ÒṢÌṢẸ́, ÌDÍ ÌKÒKÒ KẸTA

Ẹni tó ń kúrò: *Ognyan Karaboev*
Ẹni tó ń wọlé: *Snezhina Karaboeva*

*[Òǹtẹ̀. Ọwọ́ Ẹnjiníà Valchev. Ọjọ́ tí wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ kọ́ ni, kò ka ohun tó fọwọ́ sí.]*


27.

Èmi ni wọ́n wá mú láti ilé ìkẹ́rùsí, pé kí n jókòó sórí àga Snezhina. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ ni mo ti bá àwọn ìwé yìí. Èyí tí kò sí níbẹ̀, mo bi í, ó sọ fún mi, pẹ̀lú ìbòmú lẹ́nu.

Ó ti lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún nídìí ìkòkò kẹta. Ọwọ́ rẹ̀ ti rí bí eérú. Wọ́n gbé Ognyan lọ síbi tí wọ́n ti ń di bátìrì sínú páálí, kò sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Lásìkò oúnjẹ, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì kan náà, wọ́n á kẹ̀yìn síra. Mo ti kọ lẹ́tà mẹ́rin nípa fáànù. Ọ̀gá ní òun ti gbọ́ ohùn mi.

Ike ṣì jẹ́ mẹ́tàlélógójì.


28.

*(Ọ́fíìsì mi. Ìwé ìpaàrọ̀ tuntun wà lọ́wọ́ Ognyan. Ẹni tó ń kúrò: Snezhina. Ẹni tó ń wọlé: òun.)*

OGNYAN: Ẹ tẹ òǹtẹ̀ sí i.

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbí. Ó ní tí mo bá tẹ̀ ẹ́, òun ò ní dárí jì mí láyé.

OGNYAN: Ṣé òun bi mí léèrè kó tó ṣe tiẹ̀?

ÈMI: Kò bi ọ́.

OGNYAN: Ẹ tẹ̀ ẹ́ nìyẹn.

ÈMI: O ò lè padà síbẹ̀, Ognyan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ.

OGNYAN: Tiẹ̀ ńkọ́, ṣé omi ni? Ẹ̀yin lẹ jókòó sí ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn. Ẹ sọ fún mi, ta lẹ fẹ́ kó kú?

Ó fi ìwé sílẹ̀, ó jáde.


29.

*[Láti inú àpótí èrò, Ọjọ́rú. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ àpótí wà.]*

ÌWÉ ÌPAÀRỌ̀ ÒṢÌṢẸ́, ÌDÍ ÌKÒKÒ KẸTA

Ẹni tó ń kúrò: *Àwọn méjèèjì.*
Ẹni tó ń wọlé: *G. Delev*
========

Ìdí rẹ̀: *Èmi nìkan ni èéfín ò lè ṣe ní nǹkan mọ́.*


30.

Mo gbé e lọ bá Ìyá Stoyna ní ilé ìdáná. Ó nu ọwọ́, ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́. Ó ti ń jẹ wàrà wa láti ọdún kan sẹ́yìn, kó wá ṣiṣẹ́ ẹ̀."

Mo ní ìyá, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.


31.

Fọ́ọ̀mù méjì wà níwájú mi, ti Ognyan àti ti Gancho. Mo ti ki òǹtẹ̀ bọ tàdáwà, mo sì gbé e sókè. Fèrèsé wà ní títì, kò sí fáànù níbí, síbẹ̀ etí ọ̀kan nínú àwọn bébà náà ń dìde, ó ń sùn, ó ń dìde. Agogo wàrà kíkan ti lù. Mò ń gbọ́ ohùn Ìyá Stoyna láti gbọ̀ngàn, ó ń to ike sílẹ̀, ó ń kà wọ́n sókè: ogójì, mọ́kànlélógójì, méjìlélógójì,